Irin Ńlá Lórí Ẹ̀rọ Tọ́nà

Iṣẹ́ irin ni a ó kà nípa rẹ̀ lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé àgbẹ̀ ni yín, pé kí ló kàn yín nínú iṣẹ́ irin. Ó kàn yín.

Kò sí ẹni tó ń gbé Tápà tí kò mọ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì ń yí ọ̀pá irin kan, ọ̀pá irin náà ló ń yí ohun roboto tí a fi páànù onígun-ún bò, tó ń họ ẹ̀gẹ́ di ẹ̀lọ́. Béárìn ló gbé ọ̀pá náà ró lọ́tùn-ún lósì. Bí béárìn bá bàjẹ́ tí a kò tètè pààrọ̀ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ọ̀pá náà. Ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, á máa pariwo, gbogbo àdúgbò á mọ̀. Ìyá tó ni ẹ̀rọ á ní kí wọ́n tú ọ̀pá náà, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà àti tọ́nà. Wẹ́dà á jó irin kún ibi tó ti jẹ. Tọ́nà á wá fá a, títí á fi rí roboto, á sì dán bíi ti tẹ́lẹ̀.

Báwo ni tọ́nà ṣe ń fá irin? Ẹ wo obìnrin tó ń bó ọsàn tà. Ó di ọ̀bẹ mú, ọwọ́ ọ̀bẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ọsàn ló ń yí. Bí ọsàn ti ń yí, tí ọ̀bẹ sì ń sún díẹ̀díẹ̀ láti orí lọ sí ìdí, èèpo rẹ̀ á máa jáde gígùn, á máa ká. Bí ẹ̀rọ tọ́nà ṣe ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Òyìnbó ń pè é ní lathe. Irin ló ń yí. Ọ̀bẹ tí a fi irin tó le jù ú lọ ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń sún díẹ̀díẹ̀, ègé irin sì ń jáde, ó ń ká bí irun àgbò.

Ọ̀pá ẹ̀rọ gàrí kò wúwo. Ọmọkùnrin kan lè gbé e léjìká lọ sí gáréèjì. Ṣùgbọ́n bí irin tí a fẹ́ fá bá wúwo tó tọ́ọ̀nù kan ńkọ́? Tọ́ọ̀nù kan ni 1,000 kílógíráàmù. Àpò sìmẹ́ǹtì 20 nìyẹn, kí gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo. Ta ni yóò gbé e? Kí ni yóò yí i? Irú irin bẹ́ẹ̀ wà, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ṣe àpẹẹrẹ.

Ọkọ̀ ojú irin kò gba ilẹ̀ Ìbàràpá kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ rí i láti Tápà, Abẹ́òkúta ló ń lọ, ní Lafẹ́nwá, tàbí kó lọ sí Ìbàdàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ní Èbúté Mẹ́ta ní Èkó ni rélùwéè kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ sí, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ojú irin àtijọ́ yẹn ní ààyè 1,067 mílímítà láàárín irin méjèèjì. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láti Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tó gùn tó 157 kìlómítà, ní ààyè 1,435 mílímítà. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ọ̀nà kan kò lè rìn lórí ìkejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fá ẹsẹ̀ méjèèjì, bákan náà ni.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe rọ́bà. Irin lásán ni, láti orí dé ìdí. Kò sì dá dúró bí ẹsẹ̀ mọ́tò. Méjì méjì ni wọ́n, a sì kì wọ́n mọ́ ọ̀pá irin kan ṣoṣo típẹ́típẹ́, tí ìkan kò lè yí kí ìkejì má yí. Ẹsẹ̀ méjì àti ọ̀pá kan yìí lápapọ̀ lè wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, òmíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní etí lápá inú. Etí yìí ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yà kúrò lórí irin.

Ojú ẹsẹ̀ náà, níbi tó ti ń tẹ irin, kò tẹ́jú rẹgí. Ó dà gẹ́rẹ́. Ó tóbi díẹ̀ lápá ibi tí etí wà, ó kéré díẹ̀ lápá òde. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ á rò pé ẹni tó ṣe é kò mọṣẹ́. Rárá o. Bí ọkọ̀ bá sún díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí fi apá tó tóbi rìn, ẹsẹ̀ òsì á máa fi apá tó kéré rìn. Ẹsẹ̀ tó tóbi ń rìn jìnnà ju èyí tó kéré lọ bí wọ́n bá jọ yí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń dá ọkọ̀ padà sí àárín nìyẹn. Àwa fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀: kò sí ẹni tó ń tu ọkọ̀ náà, ìrísí irin fúnra rẹ̀ ló ń tu ú.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń rìn láti Èkó sí Ìbàdàn, tó ń padà, tí bíréèkì ń dì í mú, irin ń jẹ irin. Ojú ẹsẹ̀ á jin kòtò. Etí á máa tín-ín-rín. Nígbà mìíràn, bíréèkì á di ẹsẹ̀ mú pátápátá nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ. Ẹsẹ̀ kò yí mọ́, ó ń fà lórí irin bí ẹni fa ọkọ́ nílẹ̀. Ibi tó fà yẹn á pẹlẹbẹ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí dé ibi pẹlẹbẹ náà, á lu irin. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ̀ ọ́ rí, ẹ rántí ìró yẹn: gbà, gbà, gbà. Bí etí bá wá tín-ín-rín jù, ọkọ̀ lè yà kúrò lójú irin, pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ tú ẹsẹ̀ náà, kí a gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tọ́nà.

Kíréènì ló ń gbé e. Ẹ̀wọ̀n tàbí okùn onírin ni a fi ń so ó, ẹni kan ṣoṣo ló sì ń júwe fún ẹni tó wà lórí kíréènì. Bí ènìyàn méjì bá ń júwe, ìjà á dé, irin á já. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró sábẹ́ ohun tí a gbé sókè, ìbáà ṣe ọ̀gá pátápátá. A ó gbé ọ̀pá náà sáàárín ṣóńṣó irin méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n wọ ihò kékeré tó wà ní orí àti ìdí ọ̀pá. Ọwọ́ ẹ̀rọ á di ẹsẹ̀ mú. Ọ̀bẹ méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀rọ yìí, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Wàyí o, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí irin bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sáré tó. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Irin kékeré ló ń sáré, irin ńlá ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀.

Ẹ rántí àwọn ọmọ iléèwé tó ń yan ní ọjọ́ òmìnira. Wọ́n tò ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, mẹ́jọ mẹ́jọ. Bí wọ́n bá dé kọ̀rọ̀ pápá tí wọ́n fẹ́ yí, ọmọ tó wà ní inú pátápátá á kàn máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú kan. Ọmọ tó wà ní òde pátápátá á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré kí ìlà má bàa wọ́. Àwọn méjèèjì jọ yí, wọ́n jọ parí yíyí lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ti òde rìn pọ̀ ju ti inú lọ fíìfíì. Gbogbo ẹni tó ti kọ́ ọmọ níléèwé rí mọ̀ pé ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni wọ́n ń fi sí òde.

Bẹ́ẹ̀ náà ni irin. Ọ̀bẹ tọ́nà kò mọ iye ìgbà tí irin yí. Ohun tó mọ̀ ni bí ojú irin náà ṣe ń yára kọjá níwájú rẹ̀. Bí ó bá yára jù, ọ̀bẹ á gbóná, ẹnu rẹ̀ á kú, á jó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí a bá mọ ìbú ohun roboto láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ìyíká rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 3, ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó mú okùn, kó fi wọn ìdérí ìkòkò nílé. Díẹ̀ tó lé yẹn, a ó jù ú sílẹ̀ kí ìṣirò wa lè rọrùn. Kí a sì sọ pé 30 mítà irin ni ọ̀bẹ wa lè fara dà ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọ̀bẹ olówó ńlá wà tó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí a mú 30.

Ọ̀pá ẹ̀rọ gàrí ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 5. Ìyíká rẹ̀ á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15. 30 mítà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3,000. Ẹ fi 15 pín 3,000. Ìdáhùn jẹ́ 200. Ọ̀pá náà lè yí nígbà 200 ní ìṣẹ́jú kan.

Kí a ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin jẹ́ mítà 1 ní ìbú. Ọ̀pọ̀ wọn kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n dín díẹ̀. Ìyíká rẹ̀ á jẹ́ mítà 3. Ẹ fi 3 pín 30. Ìdáhùn jẹ́ 10. Ìgbà 10 péré ló lè yí ní ìṣẹ́jú kan! Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá gbàgbé, tó jẹ́ kó yí nígbà 200 bíi ti ọ̀pá ẹ̀rọ gàrí, 600 mítà irin ni yóò gba iwájú ọ̀bẹ kọjá ní ìṣẹ́jú kan náà. Ọ̀bẹ náà kò ní pẹ́ kú. Ẹ kò sì ní fẹ́ wà nítòsí, nítorí tọ́ọ̀nù kan tó ń sáré kì í gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìṣirò yìí nìkan tó fún ìdí tí tọ́nà fi gbọ́dọ̀ mọ ìwé. A ti rí ẹni tó fi ojú àti etí kọ́ iṣẹ́, tó sì mọ̀ ọ́n dáadáa lórí irin kékeré. Ṣùgbọ́n lórí irin ńlá, àṣìṣe kan lè ná ni ní iye owó tó tó ra ilé.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ẹ̀rù irin ńlá á máa ba ọmọ iṣẹ́, á fẹ́ kọ́kọ́ fá díẹ̀ bíńtín. Èyí kò dára. Ojú ẹsẹ̀ tí bíréèkì ti yún, tó gbóná, tó tutù, léraléra, máa ń le ní àwọn ibì kan ju inú rẹ̀ lọ. Bákan náà ni irin tí a yọ́ dà sínú iyanrìn: èèpo rẹ̀ le, iyanrìn sì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀bẹ bá kàn ń fara ra èèpo líle yìí, kíá ni ẹnu rẹ̀ á kú. Tọ́nà tó gbọ́n á jẹ́ kí ọ̀bẹ wọlé jìn ní àkọ́kọ́, kó gba abẹ́ èèpo kọjá, níbi tí irin ti rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè máa fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó lè dán. Ẹni tó ti bó iṣu sísun mọ̀ pé a kì í fi ẹnu ọ̀bẹ ṣeré lórí èèpo tó jóná.

Nígbà tó bá fá a tán, a ó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ìkan bá tóbi ju ìkejì lọ, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní gbogbo ìgbà, etí ẹsẹ̀ kan á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹ. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá jẹ púpọ̀ tí ti òsì kò jẹ tó bẹ́ẹ̀, a ó fá ti òsì títí yóò fi bá ti ọ̀tún dọ́gba. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ń kéré sí i ní gbogbo ìgbà tí a bá fá a. Ó ní ibi tí a gbọ́dọ̀ ti dúró. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, a kì í fá a mọ́, a ó pààrọ̀ rẹ̀.

A kì í sì í wọn irin ńlá nígbà tó ṣì gbóná. Fífá ń mú irin gbóná, irin tó gbóná sì máa ń fẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ èyí kí rélùwéè tó dé. Irin tó bá gùn ní mítà 3, tí ìgbóná rẹ̀ bá fi dígírì 30 lé sí i, á gùn sí i tó nǹkan bí mílímítà 1. Mílímítà 1 jẹ́ nǹkan bí ìdajì ìnípọn igi ìṣáná. Lójú wa, kò jẹ́ nǹkankan. Lójú béárìn, ó pọ̀ jù. Bí tọ́nà bá wọ̀n ọ́n ní gbígbóná tó ní ó ti tó, bí ó bá tutù, á ti kéré jù. Irin tí a ti fá kọjá ààlà, a kì í lè fá a padà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń da omi kan tó funfun bíi wàrà sí ẹnu ọ̀bẹ kí ìgbóná lè dín. Síbẹ̀ bí iṣẹ́ bá tóbi, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó tutù dénú, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n kẹ́yìn.

Àwọn onírélùwéè fi ọgbọ́n ìgbóná yìí kan náà ṣiṣẹ́. Ní ayé ọkọ̀ oníkóòlù, ẹsẹ̀ ńlá ẹ́ńjìnnì máa ń ní òrùka irin lára lóde, tí a lè pààrọ̀. Tọ́nà á fá inú òrùka náà kó kéré díẹ̀ sí ẹsẹ̀. Wọ́n á finá sí òrùka, á fẹ̀, wọ́n á fi wọ ẹsẹ̀, á tutù, á sì fún mọ́ ọn pinpin.

Irin wà tó tóbi ju ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ọ̀pá irin tó ń yí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ òkun lè gùn bí igi ọ̀pẹ. Bí a bá fi orí àti ìdí rẹ̀ nìkan gbé e sórí ẹ̀rọ, àárín rẹ̀ á tẹ̀ bí ọparun tí a fi sá aṣọ. A gbọ́dọ̀ fi òpó ró o láàárín. Irin tó fẹ̀ tí kò gùn ńkọ́? Ẹ ronú nípa àwọn ohun roboto ńlá tó wà nínú irú ẹ̀rọ tí omi ń yí ní ìdídò Kainji, tí wọ́n ṣí ní 1969. Bí a bá gbé irú rẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ìwúwo rẹ̀ á fẹ́ fà á já. Fún èyí, wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ tọ́nà kan tó dùbúlẹ̀. Ó dà bí àwo pẹrẹsẹ ńlá tó ń yí lórí ilẹ̀. A ó gbé irin lé e bí ìgbà tí a gbé ìkòkò lé orí òṣùká, ọ̀bẹ á sì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá. Ìwúwo tó jẹ́ ọ̀tá tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀rẹ́: òun náà ló ń jẹ́ kí irin jókòó.

Lórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, sùúrù ni ọ̀gá. Kí a ní irin roboto kan fẹ̀ ní mítà 5. Ìyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 15. Ìgbà 2 péré ló lè yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀bẹ bá ń sún mílímítà 1 ní gbogbo ìgbà tó bá yí, tí ibi tí a fẹ́ fá sì gùn ní 500 mílímítà, ó gbọ́dọ̀ yí nígbà 500. Ìṣẹ́jú 250 nìyẹn, ó lé ní wákàtí 4. Ìgbà kan ṣoṣo ni a fá a yìí o. Ọ̀bẹ náà á sì ti rìn 7,500 mítà nínú irin, ìyẹn kìlómítà 7 àti ààbọ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú ní àárín ọ̀nà, àpá á hàn lára iṣẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wo ọ̀bẹ dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ewu rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wa ń lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ tó ń yí nígbà 10 ní ìṣẹ́jú kan kò dẹ́rù bani. Ó dà bí ẹni pé a lè fi ọwọ́ dá a dúró. Ibi tí ó ti ń pa ènìyàn nìyẹn. Etí irin oní-mítà 1 tó ń yí nígbà 10 ń rìn ní ààbọ̀ mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá gbá apá bùbá mú, kí ẹni náà tó ké, ó ti fà á lọ. Agbára ẹ̀rọ kò sì yàtọ̀ nítorí pé ó ń rìn jẹ́jẹ́. Bí a bá tilẹ̀ pa iná rẹ̀, irin oní-tọ́ọ̀nù kan kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, a kì í wọ aṣọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀. A kì í wọ òrùka, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀gbà ọwọ́. Ìbọ̀wọ́ pàápàá, tí ẹ rò pé ó ń dáàbò bo ọwọ́, ẹ bọ́ ọ kúrò nígbà tí irin bá ń yí. Ègé irin mú bí abẹ, ìkọ́ ni a fi ń fà á, kì í ṣe ìka. A kì í wọn irin nígbà tó ń yí. Òbí tó bá mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́, kó kọ́kọ́ wo bí ọ̀gá náà ṣe ń múra. Bí ọ̀gá bá so agbádá mọ́ ọrùn dúró ti ẹ̀rọ, kó mú ọmọ rẹ̀ padà sílé.

Iṣẹ́ àwọn ọlọ́pọlọ ni iṣẹ́ yìí, àwọn tó kọ́ ọ kì í sì í ṣe ẹni à ń fojú tín-ín-rín. Michael Imoudu, tí a bí ní 1902, tó di olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ọmọ iṣẹ́ tọ́nà ló jẹ́ nínú rélùwéè kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n. Ó wà lára àwọn aṣáájú nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní 1945, nítorí ogun ti mú ohun gbogbo wọ́n, owó iṣẹ́ kò sì tó jẹun mọ́.

Ẹ mú síléètì tàbí ìwé yín. Irin roboto kan fẹ̀ ní mítà 2. Ọ̀bẹ lè fara da 30 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Mítà mélòó ni ìyíká irin náà? Ìgbà mélòó ló lè yí ní ìṣẹ́jú kan? Bí ibi tí a fẹ́ fá bá gùn ní 600 mílímítà, tí ọ̀bẹ sì ń sún mílímítà 1 ní gbogbo ìgbà tó bá yí, wákàtí mélòó ni yóò gbà? Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ nílé, kó pa á, kó fi okùn wọn ìyíká ọ̀pá rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì mú un wá sí kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé.